Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lórí Ẹ̀rọ, Wákàtí Kan Lórí Ìlà

Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ọgbà ìgbafẹ́ ni ọkàn mi máa ń fà sí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lẹ́wù, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí kò yí padà láti ọdún dé ọdún: ṣé kì í sú mi, ṣé eré ọmọdé kọ́ nìyẹn, kí ni àgbàlagbà ń wá lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn sókè tó sì ń jù ú sísàlẹ̀? Mo máa ń dáhùn pé bó bá jẹ́ ti orí ẹ̀rọ nìkan ni, ó yẹ kó ti sú mi tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ ńlá kì í lò ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ láti ìgbà tí wọ́n bá gbéra títí wọn yóò fi padà sí ibi ìwọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà tí a óò tò kí á tó dé orí wọn lè gba wákàtí kan gbáko, tí yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá wà nílé. Ẹni tó wọ ọgbà láàárọ̀ tó sì jáde lálẹ́ lè má lò tó ìdajì wákàtí lórí ìjókòó ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Orí ìlà ni ìgbésí ayé àwa olùfẹ́ ọgbà wà ní tòótọ́, ìlà náà ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ọ̀nà ọgbà hàn mí nígbà tí mo ṣì kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà á débi pé kì í fẹ́ wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yóò tò pẹ̀lú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà títí dé ibi ìwọkọ̀, yóò gba àpò àti fìlà lọ́wọ́ mi, yóò ní, “Ó yá, àbúrò mi, máa lọ, wàá bá mi nísàlẹ̀,” yóò sì gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún àwọn tó bá yí ọkàn padà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ẹ̀rọ ńlá tí kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo wọn ju àwọn tó kọ́ ọgbà lọ. Ohun tó kù lọ́kàn mi láti ìgbà náà kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe já wálẹ̀. Ìtàn ni. Orí ìlà ni ó ti sọ fún mi bí àwọn òbí wa ṣe pàdé, orí ìlà ni mo ti gbọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fi ilé-ìwé kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Nílé, ọwọ́ gbogbo wa máa ń dí. Nínú ìlà, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sá lọ, nítorí ẹni tó bá kúrò ti pàdánù àyè rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ, ìlà di ohun tí à ń kà bí ìwé. Mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i, láti gbọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi òfìfo dán wò. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n a gbé àwọn ère oníke tí wọ́n rọ omi sí nínú sórí ìjókòó kí ìwúwo ọkọ̀ lè sún mọ́ ti ìgbà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ máa ń lọ́ra díẹ̀, nítorí gíríìsì inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì tutù. Bí oòrùn bá ṣe ń gòkè, tí gbogbo rẹ̀ sì ń gbóná, eré ọkọ̀ a máa pọ̀ sí i, ẹni tó bá gun ẹ̀rọ kan náà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí i pé ibi tí ara rẹ̀ ti gbéra lórí àga ní ìrọ̀lẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi àárọ̀ gun ohun tí ìlà rẹ̀ máa ń gùn jù, tí mo sì máa ń fi ẹ̀rọ tí mo fẹ́ràn jù sí alẹ́.

Àkókò ìdúró tí wọ́n ń kọ sára pátákó kò ṣe é gbára lé pátápátá. Ó sábà máa ń pọ̀ ju bó ṣe rí lọ, bóyá kí inú ènìyàn lè dùn bó bá yára dé iwájú. Èmi kì í wo pátákó náà. Ibi ìwọkọ̀ ni mo ń wò. Mo máa ń ka iye ọkọ̀ tó wà lórí irin àti iye ìjókòó inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi aago ọwọ́ mi wo iye àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ọkọ̀ kan gbéra àti ìgbà tí èyí tó tẹ̀ lé e gbéra. Bí ọkọ̀ bá gba ènìyàn 24, tí ọ̀kan sì ń gbéra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 1,440 ni yóò gùn ún láàárín wákàtí kan. Bó bá di ìṣẹ́jú méjì-méjì, 720 péré ni. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀pá ìdènà àti bẹ́líìtì wò wúlò fún àwa tó wà lórí ìlà ju ẹ̀rọ ìgbàlódé èyíkéyìí lọ. Mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà bí ẹni ń jó, tí ọkọ̀ kì í fi í dúró ju bó ṣe yẹ lọ, inú mi sì máa ń dùn láti pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ohun mìíràn wà tí mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó wà nítòsí mi bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n. Wọ́n pín irin roller coaster, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, sí abala-abala, ọkọ̀ méjì kò sì gbọdọ̀ wà nínú abala kan náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ tó wà níwájú kò bá tíì kúrò ní abala tirẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò dá èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró, ì báà jẹ́ lórí òkè àkọ́kọ́ tàbí níbi bíréèkì tó wà láàárín ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá rí ọkọ̀ tó dúró lókè, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, wọ́n a ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló pẹ́ kó tó dìde lórí àga níbi ìwọkọ̀, tàbí ọmọ kan ló gbàgbé bàtà. Ẹ̀rọ náà ń ṣe ohun tí wọ́n dá a láti ṣe gẹ́lẹ́ ni.

Ibi tí ìfẹ́ mi sí ìlà ti jinlẹ̀ jù ni ìgbà tí mo mọ̀ pé àwọn tó ń ya àwòrán ọgbà máa ń fi í yanjú ìṣòro ilẹ̀. Ẹ wo Disneyland tó wà ní Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955. Òkìtì ilẹ̀ yí ọgbà náà ká, rélùwéè kékeré sì ń yí i po. Nígbà tí àyè inú ọgbà kò tó mọ́, àwọn ẹ̀rọ ńlá ní láti bọ́ sí ẹ̀yìn òkìtì náà, ó wá ku bí wọn yóò ṣe kó ènìyàn kọjá lábẹ́ rélùwéè láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ní Haunted Mansion, ẹ̀rọ ilé iwin inú ọgbà náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, wọ́n máa ń kó wa sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn a tì, ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i, àwọn àwòrán tó wà lára rẹ̀ a sì máa fi ìsàlẹ̀ wọn tó fara sin tẹ́lẹ̀ hàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú ohun ẹ̀rù tirẹ̀. Ilẹ̀ tí a dúró lé ló ń lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí ilẹ̀kùn kejì bá ṣí, a ti wà lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà tóóró tí a ń rìn lọ nídìí àwọn àwòrán mìíràn sì ń gbé wa kọjá lábẹ́ ojú irin. Nínú ọgbà Disney tí wọ́n ṣí sí ìpínlẹ̀ Florida ní ọdún 1971, kò sí ìṣòro ilẹ̀, kò sì sí ìdí láti lọ sábẹ́ ohunkóhun. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ yàrá náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, òrùlé ló ń gòkè. Ohun tí wọ́n fi bo ìṣòro mọ́lẹ̀ ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá wò, kò sì sẹ́ni tó gbà pé ìlà ṣì ni òun wà.

Bí a bá wá dé orí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, àwọn àga rẹ̀ kì í dúró rárá. Wọ́n so wọ́n mọ́ra wọn ní ọ̀wọ́ kan tí kò lópin, ilẹ̀ tó ń yí bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn la sì ń gbà wọlé, èyí ló fà á tí ìlà ibẹ̀ fi máa ń rìn ṣáá. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, a rí àwọn òkú tí ara wọn hàn bí èéfín, wọ́n ń jó, ara wọn ń wọ inú ara àga lọ. Gíláàsì títóbi kan ló wà láàárín àwa àti gbọ̀ngàn náà. Àwọn ère tó ń jó gan-an wà níbi tí a kò lè rí, lókè àti nísàlẹ̀ ọ̀nà tí a ń gbà, iná ń tàn sí wọn lára, òjìji wọn lára gíláàsì là ń wò. Ọgbọ́n orí ìtàgé ayé àtijọ́ ni, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ń pè é ní Pepper’s Ghost. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé obìnrin ló ń darí ọkùnrin nínú ijó náà, nítorí inú dígí, ọ̀tún ti di òsì. Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn bá ti mọ bí wọ́n ṣe ṣe idán, idán náà ti kú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ gíláàsì náà ni mo ti ń gbádùn gbọ̀ngàn yẹn jù.

Kì í ṣe gbogbo ọgbà ló ń ṣe òwò ìyanu ńlá bẹ́ẹ̀. Ní Efteling, ní Kaatsheuvel ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ibi tí wọ́n ti ṣí igbó àlọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1952 pẹ̀lú àwòrán tí ayàwòrán Anton Pieck yà, ohun tó gba ọjọ́ mi ni àpótí ìdọ̀tí. Ère ọkùnrin sísanra kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Holle Bolle Gijs ya ẹnu sílẹ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó bébà wá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì fa ohun tí wọ́n bá mú dé ẹnu rẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà yóò dúpẹ́. Mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń wá ìdọ̀tí kiri abẹ́ bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń jà nítorí bébà kan ṣoṣo. Wọ́n tò, láìsí ẹni tó ní kí wọ́n tò, láti fún àpótí ìdọ̀tí lóúnjẹ. N kò tíì rí ọgbà mìíràn tó fi owó kékeré yanjú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀.

Ní Tivoli, ní Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Denmark, ọgbà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1843, roller coaster onígi kan wà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1914. Rutschebanen ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn gidi ló ń jókòó sáàárín ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fa bíréèkì, nítorí irin rẹ̀ kò ní èyí tó ń dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wà lórí ìlà rẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn tó mọ ibẹ̀ dáadáa ń jiyàn lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbé wọn, nítorí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan máa ń fúyẹ́ lórí bíréèkì ju ti ẹnì kejì lọ. Wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn kọjá kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lè kàn wọ́n. Kọ̀ǹpútà kò lè fún ènìyàn ní irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Orí ìlà náà la ti ń fi etí kọ́ ẹ̀kọ́. Ariwo kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí ọkọ̀ ń pa bó ṣe ń gun òkè àkọ́kọ́ kì í ti ẹ̀wọ̀n tó ń fà á wá. Irin kékeré kan ló wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń já bọ́ sínú eyín tó wà lójú ọ̀nà ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn bí ẹ̀wọ̀n bá já. Ìró ààbò ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń já àyà ènìyàn jù. Nígbà tí LaMarcus Thompson ṣí Switchback Railway tirẹ̀, roller coaster ayé àtijọ́ kan, sí Coney Island ní New York ní ọdún 1884, kò sí irú ariwo bẹ́ẹ̀: àwọn èrò ń fi ẹsẹ̀ gun òkè ni, wọ́n á wá jókòó sínú ọkọ̀ tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 6 ní wákàtí kan lọ. John Miller, ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá, nígbà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ ní ọdún 1919 lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yí lábẹ́ irin, èyí tó di ọkọ̀ mú kó má baà fò kúrò lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni ẹnjiníà ti lè ya òkè tó ga tó sì dá gẹ́rẹ́, nítorí bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ fẹ́ lọ sókè, kò sí ibi tí yóò lọ.

Níbi tí ìlà bá ti pín sí ìjókòó iwájú àti ti ẹ̀yìn, àríyànjiyàn kì í tán. Iwájú ní afẹ́fẹ́ àti ìran, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀ kalẹ̀ dáadáa títí ìdajì rẹ̀ yóò fi kọjá orí òkè, nítorí náà àwọn tó wà níwájú máa ń rọ̀ dirodiro fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń bá eré bọ̀ kí wọ́n tó dé góńgó, tí ọkọ̀ á sì já wọn gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ni mo ń tò sí nígbà èwe mi. Nísinsìnyí tí ẹ̀yìn ara mi ti ń sọ̀rọ̀, mo máa ń wá ìjókòó tí kò bọ́ sí orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an, pàápàá lórí ẹ̀rọ onígi, nítorí orí ẹsẹ̀ ni gbígbọ̀n ti ń le jù.

Mo ní èrò kan tí kì í dùn mọ́ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú: eré àti gíga nìkan kì í ṣe ẹ̀rọ dáadáa. Ní Alton Towers, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìlànà ilé kíkọ́ kò gbà kí ẹ̀rọ ga ju orí igi lọ. Nígbà tí John Wardley, tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ ọgbà, àti ilé-iṣẹ́ Bolliger & Mabillard fẹ́ kọ́ Nemesis, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọ inú àpáta, wọ́n sì tẹ́ irin gba inú kòtò náà. Àwọn èrò rọ̀ sábẹ́ irin, ẹsẹ̀ wọn kò kan ohunkóhun, àpáta sì ń kọjá nítòsí bàtà wọn. Ìlà rẹ̀ ń yí gba inú kòtò kan náà, ọkọ̀ ń ya kọjá lórí wa àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a ń gbọ́ igbe kí a tó rí ẹni tó ń ké. Wákàtí kan níbẹ̀ kì í hàn. Ẹ wá fi wé Kingda Ka, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005 ní Six Flags Great Adventure ní ìpínlẹ̀ New Jersey: gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 456, eré rẹ̀ jẹ́ máìlì 128 ní wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ìlà rẹ̀ ṣáá ni n kò lè rántí ohun kan nípa rẹ̀ ju oòrùn lọ. Wọ́n ti í pa ní ọdún 2024, wọ́n sì fi àdó olóró wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025. Mo wo fídíò náà, ó dùn mí pé ilé gíga bẹ́ẹ̀ ṣubú, ṣùgbọ́n n kò sunkún.

Splash Mountain, ẹ̀rọ orí omi kan, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le fún mi láti sọ. Láti ọdún 1989 ló ti wà ní Disneyland, títí wọ́n fi ti í ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ìtàn inú rẹ̀ wá láti inú fíìmù kan tí Disney ṣe ní ọdún 1946, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹnu àtẹ́ lù nítorí bó ṣe fi ayé àwọn ènìyàn dúdú hàn lẹ́yìn oko ẹrú bí ẹni pé gbogbo nǹkan rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo fara mọ́ ìyípadà náà, mo sì ti gun Tiana’s Bayou Adventure tó rọ́pò rẹ̀, orí omi kan náà ni, ìjábọ́ kan náà ni. Síbẹ̀, ìlà àtijọ́ náà ní òórùn kan tí omi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní, tó jẹ́ pé bó bá kàn mí nímú níbikíbi, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń gbọ́. Ènìyàn lè gbà pé ohun kan yẹ kó lọ, kó sì tún ṣàárò rẹ̀.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, Disneyland tì láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Ohun tí mo ṣe nílé kò ju ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, àfi pé mo ṣe é lójoojúmọ́. Mo kó àwọn àwòrán ọ̀nà ọgbà tí mo ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ jáde, mo tò wọ́n sílẹ̀ láti èyí tó gbó jù. Mo ń wo fídíò tí àwọn ènìyàn yà láti ìjókòó iwájú, mo sì kíyè sí i pé gbogbo wọn ló ti gé ìlà kúrò. Ó bí mi nínú díẹ̀. Ẹnì kan péré ni mo rí tó gbé kámẹ́rà rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìwọkọ̀ láìgé ohunkóhun, tí a ń gbọ́ àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì wo tirẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn àwòrán ọ̀nà oníbébà ti ń dínkù báyìí, inú fóònù ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, fóònù náà sì ni gbogbo ènìyàn ń tẹjú mọ́ lórí ìlà.

Ìlà alẹ́ nìkan ni fóònù kò tíì bà jẹ́ tán. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹni tó bá ti wọ ìlà kí aago ìtìpa tó lù yóò gùn ún dandan, ìdí nìyẹn tí àwa olùfẹ́ ọgbà fi máa ń sáré wọ ìlà ìkẹyìn. The Beast, roller coaster onígi kan ní Kings Island, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni mo fẹ́ràn jù fún èyí. Láti ọdún 1979 ló ti wà níbẹ̀, gígùn irin rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7,300 lọ, igbó ló sì ń gbà lọ láìsí iná lójú ọ̀nà. Ní àkókò yẹn, àwọn tó kù lórí ìlà kì í ṣe àwọn tó ṣèèṣì wá. Wọ́n mọ ìjókòó tí wọ́n fẹ́, wọ́n mọ orúkọ òṣìṣẹ́, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ yóò ti ní ọ̀rẹ́ kó tó dé orí ẹ̀rọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí ìlà ṣe ń di méjì. Nígbà tí Disney gbé FastPass jáde ní ọdún 1999, ọ̀fẹ́ ni: ènìyàn a gba bébà kékeré kan tó ní wákàtí tí yóò padà wá. Nísinsìnyí, ní ọ̀pọ̀ ọgbà káàkiri ayé, owó ni wọ́n fi ń fo ìlà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti lò lè fẹ́ ra àkókò, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fún ẹni tó sanwó, ara àwa tó dúró ni wọ́n ti mú un, ẹ̀rọ kò gba ju iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ọlọ́rọ̀ àti tálákà tó bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ló ń tò síbì kan náà. Bí mo bá dá lọ, ìlà àwọn tó dá wá ni mo máa ń wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹnì kọ̀ọ̀kan dí ìjókòó tó bá ṣófo. Ó yá, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Bí mo bá mú ọmọ dání, ìyẹn kò ṣeé ṣe. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ga tó sẹ̀ǹtímítà 117 tí wọ́n ń béèrè kí ọmọ tó gun Indiana Jones Adventure ní Disneyland, ó sì dúró níwájú ọ̀pá ìwọnga bí ẹni tó ń gba oyè. Ilé ẹ̀rọ yẹn náà wà ní ẹ̀yìn rélùwéè, èyí ló fà á tí ìlà rẹ̀ fi gùn bí ìrìn àjò, tó ń gba inú igbó àti ihò, tí àmì ìkọ̀wé tí ènìyàn lè tú wà lára ògiri. Ọmọ náà rí àwọn tó ń kọjá wa lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ra tiwa náà.” Mo ní rárá, kó fara balẹ̀. Ó fajú ro, ó kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí kànga kan tí okùn so rọ̀ sí. Mo ní kó fà á. Ó fà á, ohùn ọkùnrin kan sì ké láti inú kànga. Ó fò sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó tún fà á, ó sì tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa ti fóònù wọn bọ àpò, wọ́n ní ó kan àwọn, òun náà sì ní kí wọ́n tò.